Bí Wájì àti Osùn Ṣe Dé Bahia

Bí ìyá aláró bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa aṣọ jáde nínú ìkòkò, àwọ̀ aró kọ́ la máa ń kọ́kọ́ rí. Bí ewé tútù ni aṣọ náà ń rí. Kí wọ́n tó sá a tán, atẹ́gùn á ti fẹ́ sí i, ojú rẹ̀ á máa ṣú díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di aró gan-an. Mo ti wò ó láìmọye ìgbà, kò tíì sú mi.

Ẹ̀lú ló ń ṣe é. Igi tó ń fà mọ́ igi mìíràn nínú igbó ni. Ewé rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ làwọn obìnrin ń já lásìkò òjò. Wọ́n á gún un lódó, wọ́n á mọ ọ́n ní ìṣù, wọ́n á sì sá a sóòrùn. Omi tí wọ́n fi eérú sẹ́ ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sí fún ọjọ́ mélòó kan, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá. Lórí ilẹ̀ gíga Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin òde òní, níbi tí omi ti ṣọ̀wọ́n, wàhálà ńlá ni, torí omi díẹ̀ kì í tó aláró.

Ẹ̀lú yìí náà ni wọ́n fi ń ṣe wájì, ọ̀dà aláwọ̀ aró. Osùn ní tirẹ̀, inú igi ló ti ń wá, orí ọlọ ni wọ́n ti ń lọ̀ ọ́. Wájì, osùn, pẹ̀lú ẹfun tí a ń wà nílẹ̀, ni wọ́n fi ń kun ère kí ọ̀dà òyìnbó tó dé, títí kan ère Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ọ̀pọ̀ ìtàn gbà pé Kétu ló ti ṣẹ̀.

Ogun Dàhómì ló gbé orúkọ àwọn ọ̀dà wọ̀nyí kọjá òkun. Àwọn ọmọ Kétu tí wọ́n kó lẹ́rú gba èbúté Ouidah lọ sí Bahia ní Bràsíl. Ní Salvador títí di òní, ilé òrìṣà kan wà tó ń jẹ́ Alákétu. Ìtàn ilé náà sọ pé ọmọbìnrin ìdílé ọba Kétu ló dá a sílẹ̀. Bí wọ́n bá ń ṣe ìyàwó òrìṣà nínú Candomblé Kétu, ẹ̀sìn òrìṣà ibẹ̀, tótòtó funfun, pupa àti aró ni wọ́n ń fi kun orí rẹ̀ àti ara rẹ̀. Èdè Potogí ni wọ́n fi ń tajà, òun ni wọ́n fi ń tọ́mọ, síbẹ̀ ẹfun, osùn àti wájì ni wọ́n ń pe ohun tó wà nínú igbá.

Nílé ńkọ́? Ogun tún padà wá, ó sì pa Kétu run ní 1886. Ìgbà tí Faransé borí Dàhómì ni àwọn tó ṣẹ́ kù tó bẹ̀rẹ̀ sí í padà wálé. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní 1897, ilé iṣẹ́ BASF ní Jámánì gbé aró àtọwọ́dá jáde sọ́jà. Búlúù ìfọṣọ sì gba ipò wájì lórí ère ìbejì. Èyí dùn mí ju ti ogun lọ, torí kò sẹ́ni tó fipá mú wa.

Igi kan tilẹ̀ wà tó ti òdìkejì òkun wá bá wa. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti mú un wá, a gbìn ín sẹ́yìnkùlé, a sì sọ ọ́ ní osùn búkẹ́. Èso rẹ̀ nírun lára bíi kòkòrò. Bó bá gbẹ, ó máa ń là sí méjì. Ẹni tó bá fọwọ́ kan hóró inú rẹ̀, ìka rẹ̀ á pọ́n bí ìgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nídìí ọlọ osùn.