Cha-cha-chá, Ijó Ẹni Méjì

Ní nǹkan bí ọdún 1950, ní ìlú Havana ní orílẹ̀-èdè Kúbà, Enrique Jorrín, olórin tí ń ta gòjé òyìnbó, ṣàkíyèsí pé orin mámbò ń da ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ oníjó rú. Kò fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ṣe orin mìíràn tí ẹsẹ̀ lè bá lọ. Bí àwọn oníjó ti ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ilẹ̀, ìró náà ń dún «cha-cha-chá». Ibẹ̀ ni ijó náà ti gba orúkọ.

Ẹni méjì tó kọjú sí ara wọn ni ó ń jó o. Ìṣísẹ̀ márùn-ún ni: méjì tó rọra, mẹ́ta tó yá. Bí ẹsẹ̀ òsì ẹni tó ń darí bá lọ síwájú, ẹsẹ̀ ọ̀tún ẹnì kejì yóò lọ sẹ́yìn.

Ẹni tó ń darí kò gbọdọ̀ fa ẹnì kejì bí ẹni fa ewúrẹ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ẹni tó ń tẹ̀lé náà kò gbọdọ̀ sáré ṣíwájú ọwọ́ yìí. Bí ọ̀kan bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, kí àwọn méjèèjì dúró, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láìsí orin. Ìkánjú lè gbé ẹnì kejì ṣubú.

Sùúrù tí Jorrín ní fún àwọn oníjó ni kí oníjó ní fún ẹnì kejì rẹ̀.