Ẹlẹ́ṣin Ọba: Ta ló jẹ̀bi, òyìnbó ni àbí Ẹlẹ́ṣin fúnra rẹ̀?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Ọ̀rọ̀ yìí ló bá àríyànjiyàn tó máa ń bẹ́ sílẹ̀ mu bí àwọn èèyàn bá ti wo fíìmù Ẹlẹ́ṣin Ọba tán. Bí àwọn kan ṣe ń dá òyìnbó lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ làwọn mìíràn ń bú Ẹlẹ́ṣin. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tó ń jiyàn náà ni kò mọ̀ pé fíìmù yìí kọ́ ló kọ́kọ́ ro ẹjọ́ ọ̀hún.

Ìlú Ọ̀yọ́ lọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀. Nígbà tí Aláàfin Ṣíyanbọ́lá Ládìgbòlù wàjà ní 1944, àṣà ìgbà náà ni pé kí olóyè tó ń bójú tó ẹṣin ọba bá ọba lọ. Ìjọba òyìnbó ní kò jọ ọ́, wọ́n mú olóyè náà, wọn ò jẹ́ kó kú. Ọmọ rẹ̀ ló wá kú dípò bàbá.

Ní 1964, Dúró Ládípọ̀, gbajúmọ̀ òṣèré Òṣogbo tó ṣe Ọba Kò So, fi ìtàn yìí ṣe eré Ọba Wàjà lédè Yorùbá. Nínú eré tirẹ̀, Gánà ni ọmọ Ẹlẹ́ṣin ti ń ṣòwò, àjẹ́lẹ̀ òyìnbó tó dí bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ ni ẹ̀bi sì wọ̀ lọ́rùn jù.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká gba ọ̀nà mìíràn yọ sí i nínú ìwé eré tó kọ lédè Gẹ̀ẹ́sì, Death and the King's Horseman, tó jáde ní 1975. Nínú èyí, ìlú òyìnbó ni ọmọ náà, Ọlúndé, ti ń kọ́ iṣẹ́ dókítà. Ní ọjọ́ tó yẹ kí Ẹlẹ́ṣin kú gan-an ló rí ọmọge kan lọ́jà, àfẹ́sọ́nà ọmọ Ìyálọ́jà ni, ó ní àfi kóun fi í ṣaya. Ṣóyínká tiẹ̀ kìlọ̀ níbẹ̀rẹ̀ ìwé náà pé kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ di ìjà àṣà dúdú àti funfun lásán.

Ìwé yìí ni olóògbé Bíyì Bándélé sọ di fíìmù. Oṣù kẹjọ ọdún 2022 ni ọlọ́jọ́ dé bá a, kí fíìmù náà tó jáde lórí Netflix lọ́dún yẹn kan náà. Ọdúnladé Adékọlá ló ṣe Ẹlẹ́ṣin, Shaffy Bello ṣe Ìyálọ́jà, olórin Brymo sì ṣe Olóhùn-iyọ̀.

Ohun tó dùn jù níbẹ̀ ni èdè. Ọ̀rọ̀ tí Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ padà di Yorùbá lẹ́nu àwọn òṣèré, bí ọmọ tó ti ìrìn àjò dé sílé ìyá rẹ̀. Lóòótọ́, ọ̀rọ̀ pọ̀ níbẹ̀, ibòmíràn sì ń ṣe bí orí ìtàgé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ràn ìjìnlẹ̀ èdè kò ní kánjú dìde.

Ta ló wá jẹ̀bi? Òyìnbó jẹ̀bi, nítorí ó ti ọwọ́ bọ ohun tí kò yé e. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń múra àtilọ sọ́run kì í gbéyàwó tuntun lọ́jọ́ ìrìn àjò. Kò sí ẹni tí yóò ní kí èèyàn bá ọba kú lóde òní, ìyẹn kọ́ lọ̀rọ̀ sì dá lé. Ohun tí ìtàn náà ń bi wá ni pé, bí bàbá bá jẹ oyè jẹun títí, tó wá sá lọ́jọ́ tí ojúṣe dé, ta ni yóò san gbèsè náà? Ọlúndé ló san án. Ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òun ló sì fi ara rẹ̀ ṣe é.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ fojú rí eré Dúró Ládípọ̀ lóde, fíìmù nìkan làwọn ọmọ mọ̀. Ẹ bá wọn wò ó lórí fóònù wọn, kẹ́ ẹ wá sọ tiyín fún wọn, kí wọ́n lè gbọ́ tọ̀tún tòsì kí wọ́n tó dájọ́.