Ilé Oúnjẹ Kéékèèké ní Tokyo: Ta Ni Yóò Jogún Aṣọ Ẹnu Ọ̀nà?

Bí a bá dárúkọ oúnjẹ àwọn ará Japan, ohun tí ó máa ń sọ sí ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́kàn ni ẹja tútù tí a gé lé orí ìrẹsì. Àlejò tí ó bá sì dé Tokyo, olú-ìlú ilẹ̀ náà, a máa wá àwọn ilé oúnjẹ ńláńlá tí òkìkí wọn ti kàn. Ṣùgbọ́n àwọn onílùú mọ̀ pé kì í ṣe ojú òpópó nìkan ni oúnjẹ ti ń dùn.

Àmì kan ni a fi ń mọ àwọn ilé oúnjẹ àdúgbò: aṣọ tí a fi kọ́ ẹnu ọ̀nà, tí wọ́n ń pè ní noren. Bí aṣọ náà bá wà níta, oúnjẹ wà. Bí wọ́n bá ti ká a wọlé, ọjà ti parí.

Ní agbègbè Asakusa, ilé kan wà tí ń jẹ́ Komakata Dozeu, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1801. Ẹja wẹ́wẹ́ inú ẹrẹ̀ ni wọ́n ń sè níbẹ̀, nínú ìkòkò irin pẹlẹbẹ lórí ẹyin iná. Oníbàárà yóò jókòó sórí ẹní, yóò bu àlùbọ́sà eléwé lé ẹja náà, yóò sì máa jẹ ẹ́ bí ó ti ń hó. Ní 1806, iná ńlá jó ilé náà. Nígbà tí baálé ilé tún un kọ́, lẹ́tà mẹ́ta ni ó fi kọ orúkọ ẹja náà dípò mẹ́rin, nítorí wọ́n gbà pé mẹ́rin kò mú oríire wá. Ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù kún un.

Ní Asakusa kan náà ni Yadoroku wà, tí ó ti ń ta ìrẹsì dídì láti 1954. Olóúnjẹ yóò fi ọwọ́ di ìrẹsì gbígbóná lójú oníbàárà, yóò ki ẹja tàbí èso kíkan sínú rẹ̀, yóò sì fi ewé òkun gbígbẹ wé e bí a ti ń pọ́n ẹ̀kọ, àfi pé a ń jẹ ewé tiwọn.

Ní Tsukishima, erékùṣù tí wọ́n fi iyẹ̀pẹ̀ kún inú omi láti ṣe ní 1892, monja ni wọ́n ń jẹ. Ìyẹ̀fun pípò tí ó ṣàn ni, tí a dà pọ̀ mọ́ kábéèjì lórí irin gbígbóná. Ìpápánu ọmọdé ni tẹ́lẹ̀ rí; lónìí, àgbà pàápàá ń fi ṣíbí irin kékeré ha á jẹ.

Noren kì í ṣe aṣọ lásán. Òun ni orúkọ rere ilé. Ọmọṣẹ́ tí ó bá sin ọ̀gá rẹ̀ tọkàntọkàn lè gba àṣẹ láti fi orúkọ náà ṣí ilé tirẹ̀. Pínpín noren ni wọ́n ń pe èyí, ó sì fara jọ òmìnira tí ọ̀gá ń fún ọmọṣẹ́ nílẹ̀ Yorùbá.

Ìṣòro tí ó wà ni pé ọ̀pọ̀ onílé oúnjẹ ti darúgbó, àwọn ọmọ wọn sì ti gba iṣẹ́ ọ́fíìsì. Bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá kú, a fi ọmọ rẹ̀ rọ́pò. Ṣùgbọ́n ilé tí kò ní àrọ́pò, ọjọ́ kan ni wọn yóò ká aṣọ rẹ̀ wọlé tí kò sì ní jáde mọ́. Nítorí náà, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá dé Tokyo, kí ó yà sí ẹ̀yìn òpópó nígbà tí aṣọ náà ṣì ń fẹ́ lẹ́nu ọ̀nà.