Orúkọ Wa, Nọ́ńbà Wa, Owó Wa

 

Láyé àwọn ìyá tó bí wa, ojú la fi ń mọ ara wa. Bí alájọ bá dé, ó mọ ìyá aláta, ó mọ ìsọ̀ rẹ̀, kò bi í ní ìwé kankan. Ṣùgbọ́n owó wa ti wọnú fóònù báyìí, fóònù ò sì mọ ojú ìyá ẹnìkankan. Nọ́ńbà ló mọ̀.

Nọ́ńbà méjì ló wà ńbẹ̀. BVN ni ti báńkì, ọdún 2014 ni CBN gbé e jáde. NIN ni ti ìjọba, àjọ NIMC ló ń fúnni. Ẹyọ 11 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ní oṣù Kejìlá 2020, ìjọba ní ká so NIN mọ́ síìmù wa. Nígbà tó di oṣù Kẹrin 2022, ẹni tí kò so ó kò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹta 2024, CBN tún ní àkáǹtì tí kò bá ní BVN tàbí NIN, owó ò gbọdọ̀ jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ọ̀kan nínú wa tó ń ta ẹja gbígbẹ. Báńkì rẹ̀ ní kó mú nọ́ńbà méjèèjì wá. Orúkọ bàbá rẹ̀ ló wà lórí BVN, orúkọ ọkọ ló wà lórí NIN. Ẹ̀rọ ní ènìyàn méjì ni wọ́n! Owó ẹja há síbẹ̀, àwọn tó kó ẹja fún un ò sì jẹ́ kó sinmi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la fi bá a lọ, tí a bá a bọ̀, kí ìwé ìgbéyàwó àti ìwé ìbúra kọ́ọ̀tù tó yọ ọ́.

Ẹnu ìyẹn la wà tí ọkùnrin kan fi pè é: “Màmá, láti báńkì ni o. Ẹ ka nọ́ńbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé sórí fóònù yín fún mi, ká lè ṣí àkáǹtì yín.” Ó ti fẹ́ kà á, ọpẹ́lọpẹ́ ọmọ rẹ̀ tó gba fóònù. Olè ni!

Ẹ jẹ́ ká yé ara wa. NIN àti BVN dà bí orúkọ tí a kọ sára ìsọ̀: wọ́n ń sọ ẹni tó ni ín. PIN àti nọ́ńbà tó ń wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní OTP, ni kọ́kọ́rọ́. Ta ló ń na kọ́kọ́rọ́ ìsọ̀ sí ẹni tí kò mọ̀ rí?

Nítorí náà:

1. Ẹ wò ó bóyá orúkọ àti ọjọ́ ìbí yín bára mu níbi méjèèjì. *346# ni ẹ ó tẹ̀ láti rí NIN, *565*0# láti rí BVN, lórí síìmù tí ẹ fi forúkọ sílẹ̀.

2. Ẹ má ka PIN tàbí OTP fún ẹnikẹ́ni. Báńkì kì í béèrè rẹ̀.

3. Ẹ má fi NIN yín gba síìmù fún ẹlòmíràn, ìbáà ṣe pé wọ́n fẹ́ fún yín lówó. Bó bá fi jalè, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n ń bọ̀.

4. Bí fóònù bá sọnù, ẹ sáré sọ fún báńkì lọ́jọ́ náà kí wọ́n ti àkáǹtì pa.

Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá bára mu, kó tètè rí akọ̀wé ẹgbẹ́ wa. Kò sí ìtìjú ńbẹ̀ o.

A ò ní ṣiṣẹ́ fún olè jẹ. Àmín.