Ìlú Tí Ọjà Kọ́: Àbẹ̀wò sí Ahoro Kilwa

Àwọn àgbà ní ayé lọjà. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ náà, kí ó lọ sí Kilwa Kisiwani, erékùṣù kan ní gúúsù ilẹ̀ Tàǹsáníà. Kilwa Masoko ni èrò ti ń wọ ọkọ̀ ojú omi lọ síbẹ̀; ìtumọ̀ "masoko" ní èdè Swahili sì ni "àwọn ọjà". Kò ní pẹ́ tí ògiri àtijọ́ yóò fi yọ láàárín igi.

Ẹ̀yin oníṣòwò yóò fẹ́ mọ ohun tí ó sọ erékùṣù kékeré yìí di ọlọ́rọ̀. Afẹ́fẹ́ ni. Ní apá kan ọdún, afẹ́fẹ́ a máa ti ọkọ̀ wá láti ilẹ̀ Lárúbáwá àti Íńdíà. Bí ó bá ṣe, a yí padà, a sì gbé wọn relé. Ọkọ̀ tí ó bá kọjá Kilwa lọ sí gúúsù lè má rí afẹ́fẹ́ bá padà lọ́dún náà. Nítorí náà, àwọn ará Kilwa ni wọ́n ń kó wúrà wá láti Sofala, tí wọ́n ń gba owó ibodè, tí wọ́n sì ń fi wúrà àti eyín erin gba aṣọ Íńdíà àti àwo tánganran ilẹ̀ Ṣáínà.

Ẹ wá wo ohun tí èrè náà kọ́. Òkúta inú òkun ni wọ́n fi mọ Mọ́ṣáláṣí Ńlá, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láàárín ọdún 1000 sí 1100. Nígbà tí wọ́n fẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ọdún 1300, wọ́n fi òrùlé roboto bí igbá tí a dojú dé bo apá kan rẹ̀. Husuni Kubwa, ààfin ọba al-Hasan ibn Sulaiman, ní yàrá tí ó ju 100 lọ, àti adágún ìwẹ̀ onígun mẹ́jọ. Ibn Battuta dé ìlú náà ní 1331, ó sì yin ẹwà rẹ̀. Ọba náà lawọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Bàbá Ẹ̀bùn.

Ní 1502, Vasco da Gama fi agbára gba wúrà ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Ní 1505, àwọn Potogí padà wá, wọ́n kó ìlú, wọ́n sì kọ́ ilé olódi síbẹ̀. Lọ́dún kan náà ni wọ́n kọ́ òmíràn sí Sofala. Èyí ni ó dun Kilwa jù: ilé tí a kó lẹ́rù ṣeé tún ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀nà wúrà ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Nígbà tí ọjà tún gbérí lẹ́yìn ọdún 1700, ẹrú wà nínú ohun tí wọ́n ń tà.

Ní 1981, àjọ UNESCO kọ ahoro náà mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo ayé. Ní 2004, wọ́n kà á mọ́ àwọn tí ó wà nínú ewu, torí òkun ń jẹ etí ilẹ̀ náà. Lẹ́yìn àtúnṣe, wọ́n yọ ọ́ kúrò níbẹ̀ ní 2014.

Ẹ̀yin olùkọ́, bí ọmọ bá béèrè bóyá ènìyàn dúdú ti ń kọ́ ilé òkúta kí òyìnbó tó dé, ẹ fi Kilwa dá a lóhùn. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ rántí pé wúrà Kilwa ti lọ; ohun tí wọ́n fi èrè rẹ̀ kọ́ ni ó ṣẹ́kù.