Lẹ́tà Àkọ́kọ́ Lójú Ewé: Iṣẹ́ Olùkọ́ Ọnà Tó Ń Tẹ̀wé

Ní 1956, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà kan dé Ondo Boys' High School nílùú Oǹdó. Bruce Onobrakpeya, ọmọ Urhobo, ni. Ọdún kan ló lò níbẹ̀ kó tó gba Zaria lọ ní 1957, níbi tó ti kàwé sí i. Nígbà tó yá, ó di àgbà nínú àwọn tó ń gbẹ́ àwòrán tẹ̀ sórí bébà ní Nàìjíríà. Òun ló ya àwòrán inú ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Wọlé Ṣóyínká ṣe fún Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ní 1968. D. O. Fágúnwà, ọmọ Òkè-Igbó tí kò jìnnà sí Oǹdó, ló kọ ojúlówó ìwé náà. Ìwé Yorùbá ṣì nílò irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀, pàápàá fún lẹ́tà ńlá ọlọ́nà tó ń ṣí orí ìwé.

Wọ́n á ya lẹ́tà náà sójú pákó tàbí línò (linoleum), wọ́n á fi ewé tàbí ẹyẹ yí i ká, wọ́n á sì fi ọ̀bẹ gé ibi tí wọn kò fẹ́ kí yíǹkì kàn kúrò. Ibi tó bá ṣẹ́ kù sókè ni rọ́là yóò kùn kí wọ́n tó tẹ bébà mọ́ ọn. Òdì ni wọ́n ń gbẹ́ ẹ: A àti O kò ní wàhálà, àmọ́ ẹni tó bá gbẹ́ B bí ojú ṣe ń rí i yóò rí òdì rẹ̀ lórí bébà.

Ní Yúróòpù, ọwọ́ ni àwọn adàwékọ fi ń ṣe irú lẹ́tà yìí lọ́ṣọ̀ọ́ kí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó dé. Láti 1476, Erhard Ratdolt, ọmọ Jámánì tó ń tẹ̀wé ní Venice, fi lẹ́tà tí wọ́n gbẹ́ sára pákó gbayì. Wọ́n ń gé pákó kó ga bákan náà pẹ̀lú lẹ́tà òjé, kí wọ́n lè tẹ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà.

Fún wa, àǹfààní rẹ̀ ju ẹwà lọ. Lẹ́tà òjé tí a rà lókè òkun lè ṣàìní àmì abẹ́ Ẹ, Ọ àti Ṣ. Ẹni tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́ ẹ lè fi àmì náà ṣe apá kan ọnà rẹ̀, kó sì gbẹ́ Gb sára pákó kan ṣoṣo, nítorí lẹ́tà kan ni.

Yunifásítì ẹ̀kọ́ṣẹ́ olùkọ́ Adéyẹmí ń kọ́ àwọn olùkọ́ ní Oǹdó. FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ tó wà ní Àkúrẹ́, sì ní ẹ̀ka Industrial Design. Kí àwọn méjèèjì ran ilé ẹ̀kọ́ girama lọ́wọ́. Lẹ́tà 25 ni álífábẹ́ẹ̀tì wa. Bí ọmọ kíláàsì kan bá gbẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ilé ẹ̀kọ́ náà yóò ní odidi álífábẹ́ẹ̀tì tirẹ̀ tí yóò máa fi ṣí ìwé ìròyìn rẹ̀ lọ́dọọdún. Línò, ọ̀bẹ, yíǹkì àti rọ́là ni irinṣẹ́ tó gbà. Agbára ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́jáde tó bá fẹ́ràn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ká a.