Ẹ̀yin Aláṣọ, Ẹ Fi Páìpù Omi Ṣe Ọ̀pá Ìfaṣọkọ́

Ọ̀rọ̀ tòní kan ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ rírán, aṣọ ọmọdé àti òkìríkà.

Aṣọ tí a dì sínú àpò, oníbàárà kò rí i, kò lè rà á. Èyí tí a tẹ́ sílẹ̀, eruku ń bà á jẹ́. Ọ̀pá irin dára, àmọ́ bí òjò bá pa á, a máa dógùn-ún, àbàwọ́n rẹ̀ kì í sì í tètè kúrò lára aṣọ funfun. Páìpù rọ́bà tí àwọn púlọ́ḿbà ń lò kì í dógùn-ún, ikán kì í jẹ ẹ́, kò sì wúwo.

OHUN TÍ Ẹ Ó RÀ: páìpù omi tó nípọn, oní íǹṣì 1½, fíìtì 22 àti díẹ̀ lé, tíì 4, ẹ́líbò 2, ìdérí páìpù 4, gọ́ọ̀mù páìpù. Ẹ má ra páìpù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń gba wáyà iná kọjá, yóò tẹ̀.

BÍ Ẹ Ó ṢE GÉ E: fíìtì 4, ọ̀nà 2, fún òkè àti ìsàlẹ̀. Fíìtì 4½, ọ̀nà 2, fún òró. Fíìtì ½, ọ̀nà 2. Fíìtì 1, ọ̀nà 4, fún ẹsẹ̀.

BÍ Ẹ Ó ṢE TÒ Ó: Ẹ gbé tíì kan sílẹ̀, kí ẹnu rẹ̀ kan kọjú sókè. Ẹ ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀tún àti òsì rẹ̀, kí ẹ ki èyí tó kúrú bọ òkè. Ẹ fi tíì kejì dé e lórí, kí ẹ wá ki òró fíìtì 4½ bọ̀ ọ́, kí ẹ fi ẹ́líbò parí rẹ̀. Ẹ ṣe ẹgbẹ́ kejì bákan náà. Ọ̀pá fíìtì 4 méjèèjì ni yóò so wọ́n pọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ tò ó láìfi gọ́ọ̀mù sí i. Bó bá dúró ṣánṣán, ẹ fi báírò fa ìlà sí gbogbo oríkèé, nítorí gọ́ọ̀mù yìí kì í dúró de èèyàn; bó bá ti gbẹ, kò ṣeé yí mọ́. Ìta ni kí ẹ ti lẹ̀ ẹ́, kí iná má sí nítòsí. Ẹ má fi gọ́ọ̀mù sí ọ̀pá ìdábùú méjèèjì. Ẹ lu ihò sí oríkèé wọn, kí ẹ ki ìṣó bọ̀ ọ́. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ ó yọ ìṣó, ẹ ó kó o wọlé. Oòrùn ojoojúmọ́ a máa mú páìpù gbó, á sì máa ṣẹ́.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni kí ẹ ṣọ́. Bó bá fúyẹ́, atẹ́gùn òjò kan ṣoṣo tó láti da gbogbo aṣọ sínú gọ́tà, bẹ́ẹ̀ owó àjọ ni ọ̀pọ̀ wa fi ra ọjà. Torí náà, kí ẹ tó lẹ ẹsẹ̀, ẹ rọ yanrìn gbígbẹ kún un, ẹ fi ọ̀rá dí i lẹ́nu, kí ẹ wá fi ìdérí dé ìparí rẹ̀.

Jíǹsì àti kóòtù, ẹ̀gbẹ́ òró ni kí ẹ kó wọn sí. Aṣọ fẹ́lẹ́ ló ni àárín. Bí ọ̀pá òkè bá tẹ̀, ẹ dín aṣọ kù. Ẹni tó bá fẹ́ kó gùn ju fíìtì 4 lọ, kó fi òró kẹta sí àárín.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́